Orúkọ Tí Mo Mú Nínú Ìwé

Mo rántí ìgbà tí ọmọbìnrin kan tó dúró nídìí káńtà ilé-oògùn ní Capitol Heights pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí mo jókòó tí mò ń wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń pè. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó pè é bí ẹni tó fẹ́ sín. Ní ìgbà kejì, ó gé e sí méjì, ó sì sinmi láàárín. Ní ìgbà kẹta, ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni orúkọ yìí?" Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ló yíjú padà. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé èmi ni. Mo dìde, mo gba oògùn ikọ́ ọmọ mi, mo sì gbọ́ tí bàbá kan lẹ́yìn mi ń sọ pé láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ. Tìtorí kí ẹnikẹ́ni má baà wò mí lẹ́ẹ̀mejì ni mo ṣe yí orúkọ padà, ẹ wá wo odindi ilé-oògùn tí wọ́n tẹjú mọ́ mi.

Thirlwall ni orúkọ náà. Mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Tí mo bá dé ibi tó yẹ kí n ti sọ ìdí rẹ̀, n ó sọ ọ́. Àmọ́ ìlú tí a ti sá wá, n kò ní dárúkọ rẹ̀, orúkọ tí a sì ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, n kò ní kọ ọ́. Ẹ má bínú. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ohun tí mo lè sọ kò ju pé mo ní ọkọ kan, pé ọwọ́ rẹ̀ le, àti pé ó sọ ọ́ sí mi létí lọ́jọ́ kan pé ibi yòówù kí n sá lọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí, orúkọ òun tó wà lára mi ni òun yóò fi wá mi kàn. Ọmọ wa obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì, a wọ bọ́ọ̀sì, a sọ̀ kalẹ̀, a tún wọ òmíràn, títí a fi dé Maryland, níbi tí n kò ti mọ ẹyọ ẹnì kan. Ohun tó jẹ́ kí n yàn án gan-an nìyẹn.

Agbẹjọ́rò obìnrin kan wà tó ń ran irú àwa bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ló bá wa gbé ọ̀rọ̀ orúkọ lọ síwájú adájọ́, tó sì rí i pé wọn kò gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Ó jókòó tì mí, ó sì là á yé mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Mú orúkọ tó wọ́pọ̀," ó ní. "Johnson. Williams. Brown. Kí ẹni tó bá ń wá ọ kọ́kọ́ bá ẹgbẹ̀rún èèyàn pàdé kó tó kàn ọ́." Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́, àgbọ́yé ni n kò gbọ́. Bí mo bá rántí obìnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn, tó jókòó síbẹ̀ tó ń mi orí bí ọlọ́gbọ́n, ó máa ń ṣe mí bíi kí n na ọwọ́ sẹ́yìn kí n gbá a létí.

Ẹ gbọ́ èrò obìnrin tí mo jẹ́ yẹn. Ó ní ní Èkó, òun mọ àwọn Johnson, òun mọ àwọn Williams. Ilé wọn wà, ẹbí wọn wà, ìjà wọn náà wà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí òun bá lọ ki ọrùn bọ orúkọ ilé onílé, ta ló mọ èèwọ̀ tó wà níbẹ̀? Ta ló mọ ẹni tí wọ́n ń bá yan odì? Òun fẹ́ orúkọ tí ilé rẹ̀ ṣófo, tí àwọn tó ni ín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí ẹnikẹ́ni má baà jáde wá pè é lọ́mọ. Irú àròjinlẹ̀ báyìí, Yorùbá nìkan ló lè rò ó. Ará ibòmíràn tó ń sá fún ọkọ, Johnson ni ì bá mú, ì bá sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ní ilé-ìkàwé kan nítòsí Largo, mo rí ìwé ńlá kan tó kó orúkọ ìdílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọ. Mo ń ṣí i, mo ń ṣí i, títí mo fi dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kan pé ó ṣọ̀wọ́n, pé àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò pọ̀. Ìlà mẹ́rin ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ tó sọ ibi tó ti wá àti ohun tó túmọ̀ sí. N kò kà á. Mo pa ìwé dé. Ìdí ni pé èmi tí n kò kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdírì, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé orúkọ Òyìnbó kì í ní ìtumọ̀. Kí ni Smith túmọ̀ sí? Smith náà ni. Ọjọ́ tí ẹnì kan wá sọ fún mi pé alágbẹ̀dẹ ni Smith, ó ti pẹ́ jù.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" agbẹjọ́rò bi mí. "O mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ ní gbogbo àyíká yìí?"

Mo ní, "Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó kọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ní ìsinmi. Ní báńkì, wọ́n á ní kí n pè é lẹ́tà lẹ́tà. Lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, a óò ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ orúkọ kí n tó la ẹnu. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Kettering tí mo ti ríṣẹ́, bàbá arúgbó kan tó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ tirẹ̀ kò gbàgbé tèmi, tí mo bá ti wọlé, á ní, "Níbo ni wọ́n ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ná?" Ojoojúmọ́, odidi ọdún kan. Ẹni tó sá wọ igbó tó wá gbé fèrè sẹ́nu ni mo jẹ́.

Ọdún méjì ni mo fi sá fún ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn wa, nítorí mo mọ̀ wá: a kì í jẹ́ kí àlejò jókòó kí a tó bi í pé ọmọ ta ni. Àmọ́ orin Yorùbá ń pa mí lóùngbẹ. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo mú ọmọ mi, a lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì kan. Ìsìn kò tíì parí tán tí ìyá kíláàsì fi dé ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn obìnrin àgbà tó ń ṣe alábòójútó ọ̀wọ́ tí wọ́n pín wa sí. Ó ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, arábìnrin. Kí lorúkọ yín?"

Mo sọ ọ́.

"Ẹ ẹ́n?"

Mo tún un sọ.

"Tẹ́ẹ̀lì kí ni? Ẹ wò ó, ọmọ ibo ni yín? Ojú yín yìí, ojú Ìbàdàn ni mo rí o."

"Orúkọ ọkọ mi ni, mà. Ará Amẹ́ríkà ni. Ó ti kú."

"Háà! Ẹ kú ìrọ́jú. Dúdú ni àbí funfun?"

"Dúdú ni, mà."

"A dúpẹ́," ló wí. Títí di òní, n kò mọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí.

Bí mo ṣe di opó ọkùnrin tí kò gbé ayé rí nìyẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ta ló sọ? Ìyá kíláàsì jẹ́ ẹni tó ń rántí òkú gbogbo kíláàsì rẹ̀ lọ́dọọdún, tó ń dá ọjọ́ àdúrà fún wọn. Ó ní ọjọ́ wo gan-an ni bàbá ọmọ mi sùn nínú Olúwa? Mo ní oṣù kẹta ni. Nígbà tó di ọdún kejì, mo ti gbàgbé, mo ní oṣù kẹsàn-án ni. Ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó wo ibẹ̀, ó wò mí.

"Arábìnrin, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kú ni?"

"Rárá o, mà. Oṣù kẹta ló kú. Oṣù kẹsàn-án la sin ín."

"Oṣù mẹ́fà ní mọ́ṣúárì!" Ó pàtẹ́wọ́. "Àwọn ará Amẹ́ríkà yìí mà le o. Àwa tí wọ́n ń sọ pé à ń tọ́jú òkú pẹ́!" Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gbàdúrà fún un. Èmi á dojúbolẹ̀, n ó ṣe àmín.

Ohun tó burú jù ni pé irọ́ tí mo pa fún ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní láti pa á fún ọmọ náà. Ó ti kéré jù láti rántí ibi tí a ti wá. Ó gbà pé bàbá òun jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Jọ́jíà, pé ó kú nígbà tí òun wà ní kékeré, pé ó jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ èèyàn. Èmi ni mo fi onírẹ̀lẹ̀ kún un. Bí èèyàn bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ dá ọkọ, kí ló dé tí kò ní dá èyí tó dára?

Nígbà tí ọmọ náà di ọmọ ọdún méjìlá, olùkọ́ rẹ̀ ní kí oníkálukú lọ kọ ibi tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ti wá àti ìtumọ̀ rẹ̀, kó wá sọ ọ́ níwájú kíláàsì. Ó dé bá mi ní ilé ìdáná. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ, èmi á fi Yorùbá dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé. Yorùbá ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀ síbí.

"Mọ́mì, kí ni orúkọ wa túmọ̀ sí?"

"Orúkọ ni. Orúkọ Òyìnbó kì í ní ìtumọ̀."

"Gbogbo orúkọ ló ní ìtumọ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kù ní kíláàsì ti rí tiwọn. Tèmi nìkan ló kù."

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n."

"Ìyẹn kọ́ ni ìtumọ̀, Mọ́mì."

Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre. Ìyá tó bí mi máa ń sọ pé ọmọ tí a bá pa ìbéèrè mọ́ lẹ́nu nínú ilé, ìta ni yóò ti lọ bi í. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ mi sáré wọlé, ojú rẹ̀ ń dán. "Mọ́mì, mo rí ẹbí Dádì!" Dòdò wà lórí iná. Ó jóná kanlẹ̀ kí n tó rántí pé ó wà níbẹ̀.

Ó ti wá orúkọ náà lórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, ó sì ti kan bàbá arúgbó Òyìnbó kan ní Pennsylvania, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa gbogbo àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà jọ, láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì dé Amẹ́ríkà, tó ń kọ wọ́n sí ojú ìwé kan tí gbogbo ayé lè kà. Ọmọ mi kọ̀wé sí i. Ó sọ gbogbo ohun tó mọ̀: bàbá òun tó kú, Jọ́jíà, iṣẹ́ mi, ilé-ìwé rẹ̀. Ó sì fi àwòrán àwa méjèèjì ránṣẹ́, èyí tí a yà létí omi ní Lake Arbor lọ́jọ́ Àjíǹde. Bàbá náà ti fèsì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tẹ àmì ìyàlẹ́nu mẹ́rin léra. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹ̀ka wọn kan wà ní Jọ́jíà. Ó ní tó bá di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, òun yóò gbé àwòrán wa síta, òun yóò sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìyá àti ọmọ yìí, tàbí tó mọ bàbá ọmọ náà, kó kọ̀wé sí òun.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Orúkọ ṣeé yí padà, ojú kò ṣeé yí. Ojú bàbá rẹ̀ sì ni ọmọ náà gbé wọ̀, ó kàn yọ irùngbọ̀n kúrò ni. Ẹ sì mọ àwa Nàìjíríà: bí wọ́n bá ní kí á bá wọn wá ẹnì kan, kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwòrán náà ti gba orí Wọ́ọ̀sáàpù dé Ìbàdàn, ó ti dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó ti kan gbogbo ìlú tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ní Amẹ́ríkà, ìlú tí mo ti sá wá náà sì ń bẹ nínú wọn.

Mo pe bàbá náà lórí fóònù. Mo fi ìtẹríba bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gbé àwòrán wa síta."

"Kí ló dé? Àwòrán tó dára ni! Ọmọ yẹn rẹwà púpọ̀."

"Nínú ìdílé tiwa, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

"Ìdílé yín kẹ̀? Ìdílé wa náà ni!"

"N kò fẹ́ ẹ, sà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín, ẹ óò rí i pé èèyàn dáadáa ni mí. Ọjọ́ Sátidé ńkọ́? Ẹ sọ fún mi ná, kí lorúkọ bàbá ọkọ yín?"

Mo ní fóònù ń gé, mo sì pa á. Ẹ wo ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà. Mo sá fún àwọn Yorùbá kí wọ́n má baà bi mí pé ọmọ ta ni mí, Òyìnbó kan wá jókòó sí Pennsylvania, ó ń wádìí ìdílé mi ju àwọn àgbààgbà tó ń wá ìyàwó fọ́mọ lọ.

Mo gbà láti rí i ní ọjọ́ Sátidé, ní ilé-ìkàwé tó wà nítòsí Largo, nítorí n kò fẹ́ kó mọ ilé mi. Èmi nìkan ni mo fẹ́ lọ. Ọmọ mi ti wọ aṣọ Àjíǹde rẹ̀, ó ti jókòó sínú mọ́tò, ó ti de bẹ́líìtì. "Ẹbí mi ni," ló wí, kò sì wo ojú mi. Lójú ọ̀nà, mo ń to irọ́ jọ sínú: bàbá ọkọ, ìyá ọkọ, abúlé kan ní Jọ́jíà, iná kan tó jó ìwé gbogbo.

Bàbá náà ti dé ṣáájú wa. Ó gùn, ó tínrín, ó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, okùn méjì ló fi so ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ èjìká. Ó gbé páálí ìwé kan ka orí tábìlì, ó sì na àwòrán ilẹ̀ kan síwájú wa kó tó kí wa tán. Ọmọ mi fa bírò yọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ó mọ̀ ọ́n sọ.

Ó ní ní apá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ògiri kan wà tí àwọn ará Róòmù mọ láyé àtijọ́, tó gba àárín ilẹ̀ kọjá láti etí òkun kan dé èkejì, láti fi dá àwọn tó wà lódìkejì dúró. Ó fi ìka tọ́ ibì kan lórí àwòrán. Ó ní níhìn-ín, ògiri náà lu. Àwọn kan sọ pé àwọn jagunjagun láti òkè ló dá a lu. Àwọn mìíràn ní àwọn darandaran ló ń yọ òkúta rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí àgùntàn wọn lè ráyè kọjá. Òun kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Àmọ́ nínú èdè àwọn baba ńlá rẹ̀, ibi tí ògiri gbé lu ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìdílé tó ń gbé ibẹ̀ ló wá ń jẹ́ ẹ.

"Nítorí náà," ọmọ mi wí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, "ihò ara ògiri ni orúkọ wa."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," bàbá náà dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń gbọ́ ọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Èmi tí mo wá orúkọ tí yóò bò mí mọ́lẹ̀! Nínú gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé tó wúwo bí òkúta ọlọ yẹn, àní nínú gbogbo rẹ̀, ihò ni mo fi ọwọ́ ara mi mú. Aláǹgbá rèé níwájú mi, ó wọ díńgí ojú, ó ń ṣí fáìlì.

"Ó yá," bàbá wí, ó gbé bírò lé ìwé. "Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá ọkọ yín. Ta ni?"

Ọmọ mi yíjú sí mi, ó ń retí. Òun náà kò gbọ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ rí.

Irọ́ tí mo tò wà lẹ́nu mi. Mo rí i bí yóò ṣe rí: n ó dá orúkọ kan, á ní níbo ni wọ́n bí i? N ó dá ìlú kan, á ní ọdún wo? Á kọ̀wé sí Jọ́jíà, wọn á ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, á sì gbé àwòrán wa síta kí gbogbo ayé lè bá a wá ẹni náà. Kì í ṣe ìgboyà ló mú mi sọ òótọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yìn mí. Ó kàn sú mi ni.

"Sà," mo ní, "kò sí bàbá ọkọ. Kò sí ọkọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú ìwé kan tó wà lórí pẹpẹ ní ilé-ìkàwé yìí ni mo ti mú orúkọ yín."

Bírò dúró. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì?"

Mo sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà, n kò gbójú sókè. Mo sọ ti ọkùnrin tí mo sá fún, mo sọ ti ọwọ́ rẹ̀, mo sọ ti bọ́ọ̀sì, mo sọ pé bí ó bá rí àwòrán yẹn, ọ̀rọ̀ wa ti tán. Nígbà tí mo dákẹ́, ojú bàbá arúgbó náà ti pọ́n. Mo rò pé àánú ni. Ìbínú ni.

"Ẹ̀yin lẹ mú un," ó ní. "Láìtọrọ."

"Lọ́wọ́ ta ni kí n ti tọrọ rẹ̀, sà?"

Ó ronú sí i. "Lọ́wọ́ mi," ló wí.

"N kò mọ̀ yín nígbà yẹn."

"Rárá, ẹ kò mọ̀ mí." Ó yọ díńgí, ó nù ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì ti yí tiwọn padà. Wọ́n ní ó ṣòro láti kọ." Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ọkùnrin náà ṣì wà láàyè. Mo ní ó wà. Kò tún bi mí ní nǹkan kan. Ó fa ìwé tó ti kọ orúkọ wa sí yọ, ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde láti pa lẹ́tà àti àwòrán náà rẹ́, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ń tẹ ibi tí kò yẹ. Ọmọ mi ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á rẹ́, lẹ́tà tó fi ayọ̀ kọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ojú rẹ̀ ń kán sórí gíláàsì fóònù náà, ó ń fi apá aṣọ nù ún kó lè rí ibi tí yóò tẹ̀.

Nínú mọ́tò, a ń gba Central Avenue lọ nígbà tó ní,

"Ìyẹn ni pé Dádì kò kú."

"Kò kú."

"Kì í sì í ṣe ọmọ Jọ́jíà."

"Rárá."

Nígbà tí iná pupa dá wa dúró, ó ní, "Ẹ sì fẹ́ sá pamọ́. Ẹ wá mú orúkọ tí kò sẹ́lòmíràn tó ń jẹ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mọ́mì. Kí ló ṣe Johnson?"

N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú wa. Iná ti yí sí àwọ̀ ewé, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, a sì ń sunkún. Àmọ́ ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ náà kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ, n kò sì bi í ní ìdí. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó bi mí bóyá bàbá òun burú láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún un, pé kò burú láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ìyẹn ló dùn ún jù.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá ìyá kíláàsì. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mo kúkú parí rẹ̀. Ó gbọ́ mi jálẹ̀, ó di ìwé kékeré rẹ̀ mú mọ́ àyà.

"Ẹni tí mo ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ yìí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún?"

"Kò sí, mà."

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná." Ó jókòó. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Olúwa á mọ ẹni tí yóò fún ní àdúrà náà." Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo sì mọ ohun tó ná an, nítorí n kò rí ẹni tó fẹ́ràn àtisọ ọ̀rọ̀ tó o.

Fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí mọ́tò kan bá rọra kọjá níwájú ilé wa, èmi á ti dé ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì. Kò sẹ́ni tó wá. Bàbá arúgbó náà pa ẹnu mọ́. Lọ́dọọdún, ó ń fi káàdì Kérésìmesì ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mi, n kò gbà kó mọ ilé wa títí ó fi kú, kò sì bínú sí i.

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò mi pè mí láti Nàìjíríà pé ọkùnrin tí mo sá fún ti kú, àìsàn ló pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ orúkọ yìí sílẹ̀. Mo rò pé inú mi yóò dùn, tàbí pé n ó sunkún. Mo kàn jókòó, mo ń wo ọwọ́ mi. Ọmọ mi ti di ẹni ọdún méjìlélógún, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó dé, mo sọ fún un. Ó lọ sínú yàrá rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, mo ní ó dáa, a ti lè padà sí orúkọ tiwa tí a ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ báyìí. Mo ní orúkọ náà ní oríkì, ó ní ilé, ó ní ìtumọ̀ tí ojú kò ní tì í láti sọ. Mo ní n ó bá a lọ síwájú adájọ́ fúnra mi.

Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè.

"Mọ́mì, ọdún méjìdínlógún ni mo ti fi ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń pe èyí. Ní báyìí tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n pè, ẹ ní kí n tún bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Ihò ara ògiri ni o."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀."

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, mo sì ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bẹ̀rù ẹni tó lè di ìjánu náà mú. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé òun fúnra rẹ̀ lè dì í mú. Èmi ni ẹ̀rù ṣì ń bà. Mo mọ̀ pé òkú kì í wọ bọ́ọ̀sì wá bá èèyàn, síbẹ̀ n kò tíì kọ orúkọ sára àpótí lẹ́tà wa, mo sì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì láràárọ̀ títí ọmọ yóò fi wọ mọ́tò. Láàárọ̀ yìí náà, mo dúró síbẹ̀. Ó gba iwájú ilé àwọn aládùúgbò kọjá, káàdì ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ orúkọ náà sí gàdàgbà ń mì lọ́rùn rẹ̀, ojú káàdì náà wà síta, ọmọ mi kò tilẹ̀ ronú láti bò ó.